ẸKÚNDAYỌ̀ PHILLIPS: ATẸDÙÙRÙ TÍ Ó SO OHÙN PỌ̀

Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín nínú ìwé ìròyìn wa ti ìdá ọdún yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. Láti ọdún 1969 ni ó ti kú. Kì í ṣe ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ìjọ Áńgílíkà ni ó ti sìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe kan gbogbo àwa tí a ń fi èdè abínibí wa kọrin sí Ọlọ́run, yálà a wà ní Èkó tàbí a wà ní Ìsinbọ̀dé níhìn-ín.

Kí a tó wọ inú ìtàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Àwọn olórin máa ń kọ ọ̀rọ̀ èdè Ítálì kan sórí ìwé orin wọn: legato. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a so ohùn kan mọ́ èkejì, kí àlàfo má ṣe sí láàrin wọn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìyá tí ń rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún mọ ohun tí mo ń wí. Kì í gé ohùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń gé ilá. Ńṣe ni ó ń fà á lọ títí oorun yóò fi gbé ọmọ lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni kí ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró bí omi tí ń kán láti orí òrùlé. Méjèèjì ni ó ní àyè tirẹ̀ nínú orin. Ṣùgbọ́n orin ìsìn tí ogún ènìyàn tàbí igba ènìyàn ń kọ pa pọ̀, síso ohùn pọ̀ ni ó gbé e dúró. Iṣẹ́ yìí gan-an ni Phillips fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

ÌDÍLÉ TÍ A BÍ I SÍ

Ọdún 1884 ni a bí Ẹkúndayọ̀. Bàbá rẹ̀ ni Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó lọ ṣiṣẹ́ ìyìn rere ní ìlú Oǹdó láti ọdún 1877. Ó yẹ kí àwa ọmọ Èkìtì mọ orúkọ bàbá yìí dáadáa. Nígbà ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn dojú kọ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí oko di igbó, tí ọ̀pọ̀ ìyá ṣòfò ọmọ, Charles Phillips àti Samuel Johnson tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ìjọba Èkó rán ní ọdún 1886 láti lọ ṣe alárinà. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì títí tí àwọn tí ń jà fi gbà láti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọdún náà. Ọmọ ọdún méjì péré ni Ẹkúndayọ̀ nígbà náà.

Ní ọdún 1893 ni wọ́n fi bàbá rẹ̀ jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 1906. Inú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ti dàgbà, ilé àdúrà, ilé ìwé kíkà, ilé orin.

Ó lọ sí ilé-ìwé CMS Grammar School ní Èkó. Ìbátan òbí rẹ̀ kan, Àlùfáà Johnson, ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùùrù. Nígbà tí yóò fi di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ dé ibi pé ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó fi ṣe atẹdùùrù wọn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún jókòó níwájú àwọn àgbàlagbà, gbogbo ìjọ ń dúró dè é kí ó tó lè la ẹnu. Bí ó bá ṣi ìka gbé, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi wà lórí àga yẹn.

Ó ti di ẹni tí àwọn ènìyàn ń yìn. Òmíràn ìbá ti jókòó jẹ́ẹ́, kí ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1911, nígbà tí ó di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity College of Music.

OHÙN SÍSO PỌ̀ LÓRÍ OHUN ÈLÒ MẸ́TA

Ohun èlò orin mẹ́ta ni ó kọ́ níbẹ̀: dùùrù ilé ìsìn, pianó àti fáólìn. Ó dára kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀nà tí a ń gbà so ohùn pọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀ sí ara wọn pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí fáólìn, èyí tí ó jọ gòjé tiwa. Ọ̀pá tí a ta irun ẹṣin sí ni a fi ń ha okùn rẹ̀. Bí ọ̀pá bá ń lọ tí kò dúró, ohùn ń jáde tí kò já. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ so ohùn mẹ́rin pọ̀ yóò fi ọ̀pá náà fa ìfà kan ṣoṣo, ìka ọwọ́ òsì yóò sì máa yí ipò padà lórí okùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń so ohùn, ọwọ́ òsì ni ó ń yí i.

Ti pianó kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú pianó, òòlù kékeré ni ó ń lu okùn. Bí ó bá ti lù ú tán, ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ, a kò sì lè jí i padà. Atẹpianó ní láti fi ìka kan sílẹ̀ títí èkejì yóò fi bọ́ sílẹ̀, kí ó sì máa wọn agbára ìka rẹ̀, kí ohùn tuntun má ṣe kígbe ju èyí tí ń kú lọ. Ó tún ní ìtẹ̀sẹ̀ kan nísàlẹ̀ tí ó máa ń jẹ́ kí ohùn pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìka bá ti kúrò. Ìtẹ̀sẹ̀ yẹn máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Dùùrù ilé ìsìn kò bo àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Atẹ́gùn ni ó ń wọ inú fèrè lọ. Bí o bá tẹ eyín dùùrù mọ́lẹ̀, fèrè yóò ké, yóò sì máa ké bákan náà títí o ó fi gbé ìka. Bí o bá gbé e, ohùn á dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ìgbà tí a pa fìtílà. Kò sí ìtẹ̀sẹ̀ tí yóò gbà ọ́ sílẹ̀. Bí o bá tètè gbé ìka, ihò yóò wà nínú orin. Bí o bá pẹ́ gbé e, ohùn méjì yóò dàrú mọ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí àwọn atẹdùùrù fi ń kọ́ ọgbọ́n kan: wọ́n á fi ìka kan tẹ eyín dùùrù, kí wọ́n tó gbé e wọn á ti rọra fi ìka mìíràn rọ́pò rẹ̀ lórí eyín kan náà, kí ìka àkọ́kọ́ lè ráyè lọ mú ohùn tí ó kàn. Ìjọ kò ní gbọ́ ìyípadà kankan. Àwọn igi ńláńlá tí ó wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ wọ́n. Wọ́n á fi orí ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, wọ́n á fi gìgísẹ̀ tẹ èyí tí ó tẹ̀lé e, kí ohùn ìsàlẹ̀ náà má bàa já. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀, ojú sì ń wo ìwé. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé nǹkan òyìnbó nìkan ni. Ẹni tí ń fun fèrè tàbí kàkàkí mọ̀ pé èémí kan náà ni ó gbọ́dọ̀ gbé gbogbo gbólóhùn orin. Bí ó bá fi ahọ́n gé e ní gbogbo ìgbà, orin á di ìkọ́. Aludùndún tiwa tilẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Bí ó bá fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì fún ọṣán mọ́ abẹ́ apá, ohùn ìlù yóò gòkè láti ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Dùùrù kò lè ṣe èyí láéláé. Ohun tí ó lè ṣe kò ju pé kí àwọn ohùn rẹ̀ fara kan ara wọn tímọ́tímọ́, kí etí lè gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

ỌDÚN MÉJÌDÍNLÁÀÁDỌ́TA LÓRÍ ÀGA KAN

Ní ọdún 1914, Phillips padà sí Èkó. Ọmọ Nàìjíríà kejì ni ó jẹ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ orin ní kíkún bí iṣẹ́ òòjọ́. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba òyìnbó pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀ tí a fi di Nàìjíríà kan. Wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù àti olórí àwọn akọrin ní Christ Church, ìjọ tí ó di Kàtídírà ní Marina. Kò kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1962, ọdún méjì lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Ọdún méjìdínláàádọ́ta! Ní ọdún 1924 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìsìn tí ó wà níbẹ̀ di òní, ọdún 1946 ni ó parí. Gbogbo ìgbà tí bíríkìlà fi ń mọ ògiri ni Phillips fi ń mọ ẹgbẹ́ akọrin.

Àwọn ọmọdékùnrin ni ó ń kó jọ, tí ó ń kọ́ wọn ní ìwé orin kíkà, bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń gbé ohùn láti ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Bí dùùrù bá ń so ohùn pọ̀ tí akọrin ń mí láàrin ọ̀rọ̀, asán ni. Àwa tí a ti ṣe olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ kì í fẹ́ràn àtúnṣe àtúnṣe, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ìjọ náà nílò dùùrù onífèrè tí ó tó ilé náà gbé. Owó rẹ̀ kò kéré rárá. Phillips kó àwọn akọrin rẹ̀ jáde, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń kọrin fún àwọn ènìyàn láti fi wá owó náà. Ní ọdún 1932 ni dùùrù náà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìkórè rí, tí ẹ ti gbé àwo kiri fún kíkọ́ ilé ìjọ, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

BÍ OHÙN ORIN ṢE YẸ KÍ Ó SO MỌ́ Ọ̀RỌ̀

Iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ jù lọ tí ọkùnrin yìí ṣe ni mo fẹ́ sọ wàyí.

Nígbà tí ìyìn rere dé ilẹ̀ wa, àwọn òyìnbó àti àwọn àlùfáà wa ìgbà náà túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí o bá gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Igbá kì í ṣe igba, igba kì í ṣe ìgbà. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ẹni tí kò ní ìwé orin lọ́wọ́ kò ní mọ ohun tí a ń wí. A lè máa kọ orin ìyìn, kí àlejò tí ó wọlé máa gbọ́ ohun tí kò ní ìtumọ̀.

Ẹ tún wo ìṣòro mìíràn. Bí ohùn àwọn obìnrin bá ń gòkè tí ohùn ìsàlẹ̀ àwọn ọkùnrin sì ń sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà kan náà, bí àwọn olórin òyìnbó ṣe máa ń fẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà yóò di ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ìjọ kan.

Phillips fi ọ̀pọ̀ ọdún rò ó. Ní ọdún 1953, ó tẹ ìwé kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yoruba Music. Ó fi hàn níbẹ̀ pé orin Yorùbá ní òfin tirẹ̀: pé ohùn márùn-ún ni ó sábà máa ń lò, pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Ó tún fi orin wa wé orin ìsìn àtijọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, kí ó lè hàn pé ohun tí àwọn kan ń pè ní orin àwọn abọ̀rìṣà kò jìnnà sí ohun tí ìjọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti ń kọ láti ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni ìgbà yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ni kò fẹ́ gbọ́ orin ìbílẹ̀ tàbí ìlù nínú ilé ìsìn.

Kò fi mọ sórí ìwé kíkọ. Ó ṣe orin fún Sáàmù 121 ní èdè Yorùbá, ó ṣe orin Sámúẹ́lì fún akọrin àti dùùrù. Ó tún mú orin ìbílẹ̀, ó sọ ọ́ di orin fún dùùrù nìkan, èyí tí ó pè ní Passacaglia. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ohùn kan ni yóò máa padà wá léraléra nísàlẹ̀, tí àwọn ohùn mìíràn yóò máa yí padà lókè rẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó rìn lójú ọ̀nà yìí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti ṣe orin ìsìn Yorùbá ṣáájú rẹ̀, ó sì kọ wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Nínú ìjọ tiwa, Àlùfáà A. T. Ọlájídé Olúdé ṣe orin Jésù a fẹ́ pàdé ní ọdún 1949. Orin náà rin jìnnà dé ibi pé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé orin wọn ti ọdún 1989. Ẹ wò ó, orin tí ó tẹ̀lé ohùn èdè tiwa ni àwọn ará òkèèrè tún ń kọ.

ÀWỌN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Àwọn ọmọ tí Phillips kọ́ di ènìyàn ńlá. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905, kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré, ó sì di igbákejì rẹ̀ nídìí dùùrù. Ṣówándé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1943 ó gba oyè tí ó ga jù lọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1945 títí di 1952, òun ni atẹdùùrù ní Kingsway Hall, ilé ìsìn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti West London Mission. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ tí bàbá yìí kọ́ ọmọ ní Marina padà wá di ìbùkún fún ìjọ tiwa ní òkè òkun. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà tí a bí ní 1935 kọrin lábẹ́ rẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni Samuel Akpabot. Àwọn méjèèjì di gbajúmọ̀ nínú orin ṣíṣe.

Nígbà tí Phillips fẹ̀yìn tì ní ọdún 1962, ọmọ rẹ̀, Charles Olúwọlé Ọbáyọ̀mí Phillips, ni ó jókòó sórí àga náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1992. Bí a bá ka ti bàbá mọ́ ti ọmọ, ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni ìdílé kan fi so ohùn ìjọ yẹn pọ̀. Bàbá náà sùn nínú Olúwa ní ọdún 1969, ó jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA ÌYÁ

Èkíní, kò sí ohun tí ó dára tí a kì í fi sùúrù kọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti tẹ dùùrù kí ó tó lọ kọ́ ọ sí i.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú àwọn tí yóò gba ipò. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, dùùrù wà ní kọ̀rọ̀ kan tí a fi aṣọ bò, àwọn ọmọ sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù láìsí ẹni tí ń kọ́ wọn. Wọ́n ń fi ìka gún un bí ẹni ń gún iyán, orin ń já, ìjọ ń mí níbi tí kò yẹ. Kíbọ́ọ̀dù kọ́ ni ó jẹ̀bi. Bí ọmọ yín bá ń kọ́ ọ, ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ní kí ó fi ìka kan tẹ ohùn kan, kí ó má ṣe gbé e títí ìka kejì yóò fi dé ohùn kejì. Kí àkọ́kọ́ máa gòkè bí èkejì ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn. Kí ó ṣe é jẹ́jẹ́, ohùn méjì, mẹ́ta, márùn-ún, kí ó tó fọwọ́ kan orin kankan. Ẹ ní kí ó fi ẹnu kọ ọ́ pẹ̀lú. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti fẹ́ mí, ibẹ̀ ni kí ìka ti gbé. Kò gba owó, kò sì gba pé kí ìyá mọ dùùrù. Etí ni ó gbà.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ kọ́ orin tuntun fún àjọ̀dún, kí a kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí a gbọ́ ibi tí ó ti gòkè àti ibi tí ó ti sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí a tó fi ohùn orin sí i. Bí àwọn méjèèjì bá ń jà, kí a bi olórí akọrin wa bóyá a lè rí ohùn mìíràn tí yóò bá a mu.

Bàbá Phillips, Bíṣọ́ọ̀bù Charles, rìn láàrin ibùdó ogun méjì títí wọ́n fi gbà láti jókòó pọ̀. Ọmọ rẹ̀ rìn láàrin orin òyìnbó àti ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ọdún méjìdínláàádọ́ta. Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ó ku ti àwa àti àwọn ọmọ wa.

Kí Olúwa kí ó bùkún orin ẹnu wa. Àmín.